Ẹ Kọ Òpin Ọ̀sẹ̀ Yín Sílẹ̀ Kí Ẹ Lè Sinmi



Bí ènìyàn bá wọ ṣọ́ọ̀bù oníṣòwò tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́, tí ó bi í léèrè iye tí oníbàárà kan jẹ ẹ́ láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, kò ní fi ọwọ́ họ orí. Yóò na ọwọ́ sí abẹ́ tábìlì, yóò fa ìwé kan yọ tí etí rẹ̀ ti ká, yóò sì ka iye owó náà fún yín láìṣì í. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni kan náà ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé pé níbo ni Sátidé àti Àìkú tí ó kọjá lọ wọlé sí. Yóò dúró, yóò ronú. Yóò ní òun dé ibi yìgì kan, òun dé ibi fìdáù kan, àwọn àlejò kan sì wá sí ilé, kí òun tó mọ̀, ilẹ̀ ti ṣú. Bí ẹ bá tún bi í bóyá ó sinmi, ẹ̀rín ni yóò fi dá yín lóhùn. Yóò ní, "Ìsinmi kẹ̀? Ó rẹ̀ mí ju ìgbà tí mo pa ọjà dé lọ."

Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ju èyí lọ: ẹni tí ó ń kọ owó rẹ̀ sílẹ̀ tí kò kọ àkókò rẹ̀ sílẹ̀, èyí tí ó kéré ni ó ń ṣọ́, ó sì ń jẹ́ kí èyí tí ó tóbi sọnù. Owó tí ó sọnù lónìí lè padà wá lọ́la. Sátidé tí ó bá kọjá kò ní padà mọ́. Ọ̀nà kan sì wà tí a fi lè ṣọ́ ọ, tí kò gbà ju ìwé kan àti bírò kan lọ. Ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan ni ó gbé e jáde, orúkọ tí ó sì fún un ni Bullet Journal. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé kí ni ó kàn wá kan ohun tí ó ti Amẹ́ríkà wá. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.

TA NI Ó FÚN WA NÍ ÒPIN Ọ̀SẸ̀?

Àwọn baba ńlá wa kò mọ Sátidé àti Àìkú ní ọjọ́ ìsinmi. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi ń ka ọ̀sẹ̀, ọjọ́ ọjà ni wọ́n sì fi ń mọ ìgbà tí ọ̀sẹ̀ yí po. Àwa Mùsùlùmí náà, Jímọ̀ tí í ṣe olórí ọjọ́ wa kì í ṣe ọjọ́ tí a ní kí a má ṣiṣẹ́ rárá. Ohun tí ó wà nínú Súrà kejìlélọ́gọ́ta ni pé, nígbà tí a bá pe ìrun ní ọjọ́ Jímọ̀, kí a fi kárà-kátà sílẹ̀ kí a yára lọ síbi ìrántí Ọlọ́run. Bí ìrun bá sì ti parí, a yọ̀ǹda fún wa kí a tú ká, kí a máa wá nínú oore Rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ni òpin ọ̀sẹ̀ tí a mọ̀ lónìí ti wá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1850 ni ó pa á láṣẹ pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ máa dá àwọn obìnrin àti àwọn ọ̀dọ́ sílẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Sátidé. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1926 ni Henry Ford tí ó ń ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sọ ọjọ́ iṣẹ́ di márùn-ún ní ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ilẹ̀ Mùsùlùmí pàápàá ń yí ọjọ́ ìsinmi wọn padà bí ó bá ṣe rọrùn fún wọn. Ní ọdún 2013, ilẹ̀ Saudi Arabia kúrò ní Àlàmísì àti Jímọ̀, wọ́n bọ́ sí Jímọ̀ àti Sátidé. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ United Arab Emirates sọ Jímọ̀ di ọjọ́ iṣẹ́ ìdajì, wọ́n sì fi Sátidé àti Àìkú sinmi.

Ẹ̀kọ́ tí mo fà yọ nínú rẹ̀ ni pé òpin ọ̀sẹ̀ kò ti ojú ọ̀run já bọ́. Ènìyàn ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà á sọ́tọ̀, ibòmíràn sì wà tí ó jẹ́ pé ìjà ni àwọn òṣìṣẹ́ fi gbà á. Ohun tí ènìyàn bá yà sọ́tọ̀, bí kò bá ṣọ́ ọ, ẹlòmíràn ni yóò fi ṣe tirẹ̀.

ÀWỌN TÍ Ó Ń JẸ Ẹ́ TÁN

Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, ta ni ó ń jẹ òpin ọ̀sẹ̀? Sátidé ni ọjọ́ yìgì, òun ni ọjọ́ wòlímọ̀, òun ni ọjọ́ ìṣílé. Àárọ̀ Àìkú jẹ́ ti àsàlátù, ọ̀sán rẹ̀ jẹ́ ti fìdáù, ti ìpàdé ẹgbẹ́, ti ìpàdé àwọn onílé àdúgbò. Kí a tó dé ibẹ̀, a ó ti gba aṣọ ẹbí lọ́wọ́ télọ̀. Kí a tó kúrò níbẹ̀, a ó ti lo wákàtí méjì nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀. Fóònù ń dún nínú àpò ní gbogbo àsìkò yìí: oníbàárà ń béèrè iye ọjà, ẹgbẹ́ ń béèrè owó dáwó, àwòrán ayẹyẹ ẹlòmíràn sì ń wọlé láti orí WhatsApp.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. N kò sọ pé kí a má ṣe lọ síbi ìnáwó ara wa. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, kà á mọ́ ẹ̀tọ́ tí Mùsùlùmí ní lára Mùsùlùmí pé kí a jẹ́ ìpè rẹ̀, kí a bẹ̀ ẹ́ wò bí ó bá ń ṣàìsàn, kí a sì tẹ̀lé òkú rẹ̀. Ààfáà tí ó bá ní kí ẹ jókòó sí ilé kí ẹ gbàgbé àwọn ẹ̀yà ara yín, kò kọ́ yín ní rere.

Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ mìíràn tún wà. Ẹ rántí ìtàn Salman ará Páṣíà, nígbà tí ó bẹ Abu Darda wò tí ó rí i pé ó fẹ́ máa gbààwẹ̀ ní gbogbo ọ̀sán, kí ó sì máa kírun ní gbogbo òru, títí tí ìyàwó rẹ̀ fi pa ìtọ́jú ara tì. Salman kìlọ̀ fún un pé Ọlọ́run ní ẹ̀tọ́ lára rẹ̀, ara rẹ̀ ní ẹ̀tọ́, ará ilé rẹ̀ náà sì ní ẹ̀tọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé iwájú Ànábì, ó ní òtítọ́ ni Salman sọ. Bí ìjọsìn pàápàá kò bá gbọ́dọ̀ jẹ ẹ̀tọ́ ara àti ẹ̀tọ́ ará ilé, mélòó mélòó ni ti ìnáwó? Ọlọ́jà tí kì í ta ìrẹsì láìfi kóńgò wọ̀n ọ́n, kí ló dé tí ó fi ń fún ènìyàn ní Sátidé rẹ̀ láìwọ̀n ọ́n?

BÍ ÌWÉ NÁÀ TI RÍ

Ryder Carroll ni orúkọ ọmọ Amẹ́ríkà tí mo wí yìí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ya bí ohun orí kọ̀ǹpútà yóò ṣe rí, ìlú New York ni ó sì ti ń ṣe é. Láti kékeré ni ọkàn rẹ̀ kì í dúró sí ojú kan. Bí olùkọ́ bá ń sọ̀rọ̀, ọkàn tirẹ̀ ti lọ síbòmíràn. Àwọn oníṣègùn fún ìṣòro náà ní orúkọ, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni ó wá ọ̀nà tí yóò fi máa kó ọkàn rẹ̀ jọ nínú ìwé. Ó ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó fi han gbogbo ayé ní ọdún 2013. Ní ọdún 2018, ó kọ odidi ìwé lórí rẹ̀.

Bullet tí ó wà nínú orúkọ náà kì í ṣe ọta ìbọn. Àmì dúdú kékeré ni, irú èyí tí àwọn atẹ̀wé máa ń fi síwájú ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá jókòó sí ilé kéwú rí yóò mọ̀ ọ́n kíá: ó dà bí ẹyọ tí a fi sí abẹ́ "bá". Gbogbo ọgbọ́n ìwé náà wà nínú àmì mẹ́ta. Ẹyọ dúdú dúró fún iṣẹ́ tí a ní láti ṣe. Òbìrí kékeré dúró fún ohun tí ó ní ọjọ́, bí ìpè tàbí ìpàdé. Ìlà kúkúrú dúró fún ohun tí a kàn fẹ́ rántí. Iwájú àmì kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ díẹ̀ péré ni a óò kọ, kì í ṣe lẹ́tà gígùn.

Bí iṣẹ́ bá parí, a óò fa ìlà méjì tí ó dábùú ara wọn lé ẹyọ náà. Bí kò bá parí tí a sì fẹ́ gbé e lọ sí ojú ewé tuntun, a óò sọ ẹyọ náà di ọfà tí ó kọjú sí iwájú. Bí ó bá jẹ́ ti oṣù mìíràn, ọfà náà yóò kọjú sẹ́yìn, a óò sì lọ kọ ọ́ sí ojú ewé tí a yà sọ́tọ̀ fún àwọn oṣù tí ń bọ̀. Bí a bá sì rí i pé kò wúlò mọ́, a óò fa ìlà kọjá lórí gbogbo rẹ̀, ó parí. A óò fi nọ́ńbà sí ojú ewé gbogbo, a óò sì fi ojú ewé àkọ́kọ́ sílẹ̀ láti kọ ohun tí ó wà níbi kọ̀ọ̀kan, kí wíwá rẹ̀ má baà di ìṣòro. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

ÌDÍ TÍ ỌKÀN FI Ń BALẸ̀

Ẹnìkan lè sọ pé, "Ààfáà, iṣẹ́ ni ẹ tún ń fi kún iṣẹ́ yìí. Ta ni ó ń fi ìwé kíkọ sinmi?" Ìbéèrè tí ó dára ni.

Ohun tí ó ń rẹ ènìyàn ní òpin ọ̀sẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ nìkan. Èyí tí ó wà lọ́kàn tí a kò tíì ṣe ni ó pọ̀ jù. Ènìyàn jókòó ti àwọn ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹrù tí kò tíì dé. Ó dúró sórí ìrun, ó ń ka owó. Ní ọdún 2011, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Masicampo àti Baumeister, tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n rí i pé ohun tí ènìyàn kò tíì ṣe parí máa ń já wọ inú ọkàn rẹ̀ nígbà tí ó bá ń ṣe nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n àwọn tí a ní kí wọ́n là á sílẹ̀ bí wọn yóò ṣe ṣe é, ìdààmú náà fi wọ́n sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọn kò sì tíì ṣe iṣẹ́ náà. Ètò nìkan ti tó láti mú ọkàn balẹ̀.

Ní ọdún 2018, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Baylor ní ìpínlẹ̀ Texas ní kí ènìyàn 57 wá sùn síbi tí wọn yóò ti máa wo oorun wọn. Kí wọ́n tó sùn, wọ́n fún gbogbo wọn ní ìṣẹ́jú márùn-ún láti kọ̀wé. Apá kan kọ ohun tí wọ́n ti ṣe parí, apá kejì kọ ohun tí wọ́n ní láti ṣe ní àwọn ọjọ́ tí ń bọ̀. Àwọn tí ó kọ ohun tí ń bọ̀ ni ó tètè sùn, pẹ̀lú bí ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Bí wọ́n bá sì ṣe là á sílẹ̀ tó lẹ́sẹẹsẹ, bẹ́ẹ̀ ni oorun ṣe yá wọn tó.

Àwa kò sì gbọ́dọ̀ fi èyí ṣe àjèjì. Àáyà tí ó gùn jù lọ nínú Àlùkùránì Alápọ̀nlé, èyí tí ó wà nínú Súrà kejì, ọ̀rọ̀ gbèsè ni ó dá lé, ohun tí a sì pa láṣẹ níbẹ̀ ni pé kí a kọ ọ́ sílẹ̀, ìbáà kéré, ìbáà pọ̀, kí iyèméjì má baà sí. Ìlérí tí ènìyàn ṣe fún ará ilé rẹ̀ àti fún ara rẹ̀, gbèsè ni òun náà.

BÍ A ÓÒ ṢE ṢE É

Alẹ́ Àlàmísì ni kí a ṣe é, lẹ́yìn ìrun Ìṣáì. Bí a bá dúró di àárọ̀ Sátidé, àwọn ẹlòmíràn yóò ti pín in mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ, tí ó ń ta aṣọ ní ọjà Gbági ní Ìbàdàn. Ó ṣí ojú ewé kan, ó kọ "Jímọ̀ sí Àìkú" sí òkè rẹ̀, ó sì kọ gbogbo ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ jáde láìyọ ọ̀kan sílẹ̀.

Ó fi ẹyọ dúdú kọ: san owó iná ṣọ́ọ̀bù, pe oníbàárà Ìlọrin, gba aṣọ lọ́wọ́ télọ̀, to àpótí aṣọ inú yàrá. Ó fi òbìrí kọ: yìgì ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, Sátidé, wòlímọ̀ ọmọ ará àdúgbò, Sátidé, ìsọmọlórúkọ nílé oníbàárà, Sátidé, àsàlátù, àárọ̀ Àìkú. Ó fi ìlà kúkúrú kọ: àbíkẹ́yìn ti ń wúkọ́ láti ọjọ́ Ajé.

Ẹ wo ohun tí ojú ewé kan péré ti ṣe. Ìpè mẹ́ta ni ó bọ́ sí Sátidé kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n wà lọ́kàn, ó dà bí ẹni pé gbogbo wọn yóò ṣeé ṣe. Nígbà tí wọ́n tò sórí ìwé, ojú rí i pé kò lè ṣeé ṣe. Ó tún rí i pé ọ̀rọ̀ ikọ́ ọmọ tí òun kàn fẹ́ rántí, òun gan-an ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Ó sọ ìlà kúkúrú náà di iṣẹ́: gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, àárọ̀ Jímọ̀.

Ó wá mú ìpè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó wọ̀n wọ́n. Yìgì ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́ ti ẹbí, yóò lọ, yóò sì bá wọn jókòó dáadáa. Ti ará àdúgbò, yóò yà níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ lẹ́yìn Màgàríbì, yóò fún ọmọ ní ẹ̀bùn, yóò ṣàdúà fún un, yóò sì bẹ ìyá rẹ̀ pé òun kò ní lè wá lọ́la. Ti oníbàárà, yóò fi fóònù pè é lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, yóò fi owó ẹ̀bùn ránṣẹ́ kí ọjọ́ tó pé. Kò sí ẹni tí ó tàbùkù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí ń dun ènìyàn ni kí a fi ojú sọ́nà fún ẹnìkan kí ó má wá, kí ó sì má sọ ọ̀rọ̀ kankan. Ìkíni tí ó tètè dé, tí àdúà tẹ̀lé, a máa wu olóde ju àlejò tí ó sáré wọlé, tí ó gba oúnjẹ sínú ike, tí ó sì sáré jáde lọ.

Nísinsìnyí, àyè ti ṣí ní ọ̀sán Àìkú. Kí ó má ṣe fi àyè náà sílẹ̀ lásán, nítorí ohun tí kò ní orúkọ lórí ìwé, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ni yóò gbà á. Kí ó kọ ọ́ pẹ̀lú òbìrí bí ó ti kọ ìpè àwọn ẹlòmíràn: Àìkú, lẹ́yìn Ayìlá, oorun ọ̀sán, lẹ́yìn Alásárì, èmi àti àwọn ọmọ. Bí ẹnikẹ́ni bá wá béèrè àkókò náà, yóò lè fi òtítọ́ dáhùn pé òun ti fún ẹnìkan, nítorí àwọn ọmọ rẹ̀ náà jẹ́ ènìyàn.

ÈRÈ INÚ GBÍGBÉ KỌJÁ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé a ń kọ ìwé yìí kí iṣẹ́ lè pọ̀ sí i ni. Òdì rẹ̀ ni. Ọgbọ́n tí ó jinlẹ̀ jù nínú rẹ̀ wà nínú ọfà. Ní ìparí oṣù, olúwarẹ̀ yóò padà wo gbogbo ohun tí kò ṣe, èyí tí ó bá sì fẹ́ gbé kọjá, ó ní láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún un kọ. Carroll mọ̀-ọ́n-mọ̀ fi ìnira kékeré yìí síbẹ̀ ni. Ọwọ́ tí ó bá ń kọ ohun kan náà ní ẹ̀ẹ̀kẹta yóò bi ọkàn léèrè pé, ṣé dandan ni ọ̀rọ̀ yìí?

Ìyá aláṣọ wa kọ "to àpótí aṣọ inú yàrá" ní ọ̀sẹ̀ yìí, ó gbé e kọjá sí ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún gbé e sí ẹ̀kẹta. Kí ó pinnu: yálà kí ó fi lé ọmọ rẹ̀ àgbà lọ́wọ́, tàbí kí ó fa ìlà lé e kí ó gbàgbé rẹ̀. Àpótí tí kò tò kò pa ẹnikẹ́ni rí. Bákan náà ni ẹgbẹ́ tí a ń san owó rẹ̀ tí a kò lọ sí ìpàdé rẹ̀, àti aṣọ ẹbí tí a ń fi ìwà ojú ayé gbà. Bí ó bá ti di ẹ̀ẹ̀kẹta tí ó gba ọfà, ìwé ti sọ fún yín pé ọkàn yín kò sí níbẹ̀. Ìlà tí a fà lé iṣẹ́ tí kò wúlò, ìsinmi ni.

Ìwé náà a sì máa jẹ́rìí sí èyí tí a pa tì. Bí "jókòó ti àwọn ọmọ" bá gba ọfà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin léra, tí kò sí ìnáwó kan tí ó gba ọfà, kò sí ẹni tí a óò pè ṣe adájọ́ mọ́. Àwọn ọmọ tí ó jẹ́ pé ibi oorun nìkan ni wọ́n ti ń rí bàbá wọn ní ọjọ́ Àìkú kò ní pẹ́ dàgbà tí wọn yóò lọ sílé ara wọn. Ọfà kò lè gbé ìgbà èwe wọn kọjá sí oṣù tí ń bọ̀.

ẸṢIN KÒ GBỌDỌ̀ GUN ẸNI TÍ Ó NI Í

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Àwọn kan wà tí wọn yóò ra ìwé olówó ńlá, tí wọn yóò fi wákàtí mẹ́ta ya òdòdó sí etí rẹ̀ kí wọ́n lè fi han àwọn ènìyàn lórí fóònù. Ìyẹn ti di ìnáwó mìíràn. Ìwé tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ń kọ iṣẹ́ wọn tó, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sì tó.

Àwọn mìíràn ẹ̀wẹ̀ yóò fi aago há ìsinmi mọ́lẹ̀: aago méjì sí méjì àbọ̀, oorun, méjì àbọ̀ sí mẹ́ta, eré ọmọdé. Èyí náà kò dára. Ní ọdún 2016, àwọn olùwádìí méjì, Gabriela Tonietto àti Selin Malkoc, fi hàn pé fàájì tí a bá fi aago so mọ́lẹ̀ a máa dà bí iṣẹ́. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kọfí àti bisikí lọ́fẹ̀ẹ́ ní àkókò ìdánwò. Àwọn tí a dá aago kan pàtó fún kò gbádùn rẹ̀ tó àwọn tí a ní kí wọ́n wá nígbàkígbà láàárín wákàtí méjì.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ wo bí ọ̀nà àwọn bàbá wa ti bá èyí mu. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ bá ara wọn pàdé, wọn kì í sọ pé aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọn a ní, "Ó di lẹ́yìn Alásárì." Àdéhùn ni, kò sì fún ènìyàn lọ́rùn. Bí ẹ bá ń kọ ìsinmi sínú ìwé yín, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa kọ ọ́. Ẹ fi aago sí ọ̀rọ̀ báńkì àti ọkọ̀. Ẹ fi àkókò ìrun sí ọ̀rọ̀ ìsinmi àti ẹbí.

ẸNI TÍ KÒ MỌ ÌWÉ KỌ ŃKỌ́?

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí kò kọ ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ́ kéwú lè fi Àjàmí kọ ọ́, ìyẹn ni kí ó fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ Yorùbá, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ àwọn ààfáà àtijọ́ ti ń ṣe. Ẹni tí kò kọ́ ọ̀kankan rí, àmì ni ìwé yìí fi ń sọ̀rọ̀, àwọn ìyá wa sì ti ń fi ẹfun fa ìlà gbèsè sára ògiri tipẹ́tipẹ́. Kí ó ya òbìrí fún ìpè kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ ilé bá a kọ orúkọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí òbìrí mẹ́ta bá tò sí abẹ́ ọjọ́ kan, kò nílò ìwé mẹ́wàá kí ó tó mọ̀ pé wọ́n ti pọ̀ jù.

Àwọn ọ̀dọ́ yóò ní fóònù lè ṣe é. Ó lè ṣe é, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣí fóònù láti wo ètò ìsinmi rẹ̀ yóò bá ìròyìn ogún nínú rẹ̀ kí ó tó rí ètò náà. Ìwé kì í dún.

Àwọn kan yóò sì sọ pé Ọlọ́run ni ó ni ọ̀la, kí ni a ń kọ? Òun ni ó ni ín lóòótọ́. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé bí Ọlọ́run bá fẹ́ kí a tó gbé bírò. Ṣùgbọ́n Ànábì wa kọ́ ẹni tí ó fẹ́ fi ràkúnmí rẹ̀ sílẹ̀ lásán pé kí ó so ó, kí ó tó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run. Ó sì kìlọ̀ fún wa pé ìdẹ̀ra méjì wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pàdánù nínú wọn: àlàáfíà ara àti àkókò tí ọwọ́ dilẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọlọ́jà ni ọ̀rọ̀ àdánù. Ẹ̀yin ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ yé.

Nítorí náà, ní Àlàmísì tí ń bọ̀ yìí, kí olúkúlùkù ra ìwé kan, kí ó fi nọ́ńbà sí ojú ewé rẹ̀, kí ó sì kọ ọjọ́ mẹ́ta péré. Ní alẹ́ Àìkú, kí ó wo ohun tí ó ṣe, ohun tí ó gbé kọjá, àti ohun tí ó fà ìlà lé. Kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù kan kí ó tó sọ pé ó dára tàbí kò dára. Bí ẹnìkan bá wá wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé tí ó béèrè ibi tí Sátidé lọ, yóò lè na ọwọ́ sí abẹ́ tábìlì, yóò sì fa ìwé méjì yọ.

Kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí ọjà wa, kí Ó fi ìbàlẹ̀ ọkàn sí ilé wa, kí Ó má ṣe jẹ́ kí a fi iṣẹ́ ẹlòmíràn lo ọjọ́ ayé wa tán. Àmín.